Ẹ Sùn ní Kagoshima Kí Ẹ Tó Padà sí Fukuoka

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ní iṣẹ́ ń gbé yín lọ sí Fukuoka ní Japan, pé ọjọ́ díẹ̀ yóò ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́, pé màmá yín ń bá yín lọ, àti pé ẹnìkan ti sọ fún yín pé kò sí ohun tó wà ní Kagoshima, ní ìpẹ̀kun gúúsù erékùṣù Kyushu, ju òkè tó ń rú èéfín lọ, kí ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kí ẹ sì padà nírọ̀lẹ́. Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà òtútù, mo ti lọ síbẹ̀ nígbà ooru, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó bá lọ tó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà kò tíì dé ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin Shinkansen, tí wọ́n parí ọ̀nà rẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2011, ń gbé èèyàn láti Hakata, ibùdókọ̀ Fukuoka, dé Kagoshima-Chūō, ibùdókọ̀ Kagoshima, láàárín wákàtí kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ sùn síbẹ̀, ó kéré tán, òru méjì.

Sakurajima, òkè ayọnáyèéfín náà, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń ṣàlàyé gbogbo ohun tí ẹ máa rí àti ohun tí ẹ máa jẹ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni ọkọ̀ ojú omi fi ń ná an láti ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1914, òkè náà bú gbàmù, òkúta yíyọ́ sì ṣàn títí ó fi dí omi tó wà láàárín erékùṣù Sakurajima àti ilẹ̀ Ōsumi, bí ohun tó jẹ́ erékùṣù ṣe di ara ilẹ̀ nìyẹn. Ní Kurokami, abúlé kan ní Sakurajima, ẹnu ọ̀nà olókùúta ti ojúbọ kan wà tó ga ní mítà mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Eérú bò ó mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bíi mítà kan péré ló ṣẹ́ kù lókè. Àwọn ará abúlé fẹ́ hú u jáde, olórí wọn ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la lè rí i. Ìbàdí mi ni igi ìdábùú orí rẹ̀ dé nígbà tí mo dúró tì í. Ẹ kíyè sí i pé bọ́ọ̀sì tó ń yí ká láti èbúté, tó ń gun Yunohira, ibi gíga tí wọ́n ti ń wo òkè náà, kì í dé Kurokami rárá, nítorí ìhà ìlà oòrùn ni Kurokami wà. Ẹ háyà mọ́tò.

Kí ẹ tó yan ọjọ́, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nígbà ooru, ó sábà máa ń gbé eérú wá sí ìlú. Nígbà òtútù, ó máa ń gbé e lọ sí Ōsumi. Tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ń kéde rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ẹ ó sì rí àpò ọ̀rá tí àwọn onílé kó eérú tí wọ́n gbá sí, tí ìjọba ìlú máa wá kó lọ. Tí ẹ bá ń lo jígí inú ẹyinjú, ẹ fi sílé, kí ẹ lo ti ojú.

Ilẹ̀ eérú àtijọ́ yìí, shirasu, kì í gba omi dúró, nítorí náà ìrẹsì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa níbẹ̀. Ọ̀dùnkún ló gba ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Maeda Riemon, atukọ̀ ará Yamagawa, ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé e wá láti àwọn erékùṣù Ryūkyū lọ́dún 1705, wọ́n sì kọ́ ojúbọ fún un títí dòní. Ọ̀dùnkún ni wọ́n fi ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ dúdú tí gbogbo Japan ń yìn. Òun náà ni wọ́n ń pọn ní ọtí shōchū bí a ṣe ń pọn ògógóró, tí wọ́n sì ń bu omi gbóná là.

Màmá yín, tí ẹ ní wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn kì í sì í fẹnu kan ọtí, kò ní sùn lébi, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Satsuma-age, ẹja tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì dín, dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń po ọtí ìrẹsì mọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó rà á. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n jẹ ni kibinago, ẹja tín-ín-rín tí kò ju ìka lọ, tó ní ilà fàdákà lára. Wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́ láìsè é, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àwo bí òdòdó tó ṣí, àwọn oníbàárà á sì máa kì í bọ inú miso, ìyẹn ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi fínígà pò. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ni kí ẹ mú un, kí ẹ má sì kánjú. Tí oòrùn bá mú, shirokuma ni kí ẹ bèèrè: yìnyín tí wọ́n họ, tí wọ́n da mílíìkì aládùn lé, pẹ̀lú èso àti ẹ̀wà dídùn.

Ọjọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ibusuki. Ní etí òkun níbẹ̀, omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú yanrìn gbóná. Ẹ ó wọ aṣọ yukata, ẹ ó dùbúlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì fi ṣọ́bìrì wa yanrìn bò yín dé ọrùn. Ó wúwo, ó ń lù kìkì bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré nínú ẹsẹ̀ àti ọwọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì tó fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé láìkọ́kọ́ bi dókítà. Dípò bẹ́ẹ̀, adágún omi gbígbóná kan wà nítòsí èbúté Sakurajima, tó gùn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, ẹsẹ̀ nìkan ni èèyàn ń kì bọ̀ ọ́, wọn kì í sì í gba owó. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì dání, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀.