Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Màmá Àgbádárìgì fẹ́ lọ fẹsẹ̀ rìn ní Whitby

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn wa. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí n wá kí òun nígbà tí oòrùn bá mú lọ́dọ̀ wọn, ó wáá ní òun ti sanwó nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní wọ́kìn tuà ní ìlú etíkun kan, Whitby lorúkọ ẹ̀, pé ẹnì kan máa mú wa rìn káàkiri ìlú, á máa ṣàlàyé. Mo ní ṣé torí àtirìn ni mo ṣe fẹ́ wọ bàálù? Òkun kúkú wà lọ́dọ̀ wa níbí. Orúnkún mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́, wọ́n tún ní àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Ṣé kí n ní kó gba owó ẹ̀ padà ni? (Ìyá Sẹ̀wánù, Ajára, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gba owó yẹn padà. Ẹ lọ. Bí ẹ ṣe máa rìn ín nìkan ló yẹ ká tún ètò ẹ̀ ṣe, torí orúnkún kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ṣeré.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n sọ fún yín yẹn, 199 ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òpin Church Street nísàlẹ̀, ó gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's, ilé àtijọ́ àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn onísìn tó ya ayé wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, tó ti wó sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, wọ́n ní àwọn tó ń gbé òkú lọ síbojì lókè ló máa ń gbé pósí sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè mí. Àmọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀ pé gígòkè ṣì dáa díẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ gan-an ni wàhálà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ẹ gbé mọ́tò gòkè kẹ́ ẹ wáá fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí wà lókè níbẹ̀, kí ọmọ yín kọ́kọ́ wà yín lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ilé mọ́ńkì, kó tún fi mọ́tò gbé yín sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ bá àwọn tó kù rìn nísàlẹ̀. Kó sì kọ̀wé sáwọn tó ni ìrìn náà ṣáájú pé àgbàlagbà kan tí kò ní gun àtẹ̀gùn ń bá òun bọ̀, kó bi wọ́n ibi tí ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń parí sí, torí nígbà míì òkè yẹn gan-an ni wọ́n máa ń parí ẹ̀ sí.

Ẹ ní òkun wà lọ́dọ̀ wa, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun lẹ fẹ́ lọ wò. Ẹnu ẹni tó mọ ìtàn ìlú lẹ fẹ́ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lójú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, òkúta ò sì lẹ́nu, tí ẹ bá dá lọ ògiri àlàpà lásán lẹ máa rí.

Ẹ wo ilé mọ́ńkì yẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hild ló kọ́kọ́ ṣe olórí ẹ̀ láti 657, ọkùnrin àti obìnrin ló sì ń gbé lábẹ́ ẹ̀, àwọn ọba gan-an máa ń wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹ̀. Àní ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni wọ́n ti jókòó ìpàdé ńlá ní 664 lórí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe Àjíǹde, torí ohun tí Róòmù ń ṣe yàtọ̀ sí ohun táwọn mọ́ńkì tó wá láti erékùṣù Iona nílẹ̀ Scotland ń ṣe, débi pé nígbà míì ọba á ti máa ṣe Àjíǹde tirẹ̀ olorì á ṣì wà nínú ààwẹ̀. Oswiu, ọba ilẹ̀ yẹn, ló dá ẹjọ́ ẹ̀, ó ní ti Róòmù ni káwọn máa bá lọ.

Ẹ wáá gbọ́ ti Caedmon, èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tọ́jú màlúù níbẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ń ṣe fàájì lálẹ́ tí wọ́n ń gbé háàpù láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí kálukú kọrin tiẹ̀, tó bá ti rí i pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun ó ti dìde nìyẹn, ó ti bá tiẹ̀ lọ, ojú ń tì í, kò mọ orin kankan. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó lọ sùn síbi tí wọ́n ń so ẹran sí, ẹnì kan bá dé lójú àlá, ó ní Caedmon, kọrin fún mi, ó ní òun ò mọ orin í kọ, ẹni yẹn ní kó kọrin nípa bí a ṣe dá ayé, bí orin ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Hild, Hild ò sì dá a padà sídìí màlúù, ó gbà á sí ilé mọ́ńkì. Nínú gbogbo akéwì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ orúkọ wọn, òun ló ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n gbé òkúta àgbélébùú ńlá kan kalẹ̀ fún un lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's ní 1898, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Kì í ṣe ilé ìgbà ayé Hild lẹ máa rí níbẹ̀ o, èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà ni, Ọba Henry kẹjọ ló sì tì í pa ní 1539. Ọkọ̀ ogun Jámánì tún yìnbọn lù ú ní December 1914.

Nísàlẹ̀, wọ́n máa mú yín gba Grape Lane, ilé John Walker tó ni ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni James Cook, gbajúmọ̀ arìnrìn-àjò òkun, ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti 1746, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Whitby náà ni wọ́n ti kan Endeavour, ọkọ̀ tó gbé e dé Australia, èédú ni wọ́n kọ́kọ́ kàn án fún kó máa gbé. Afárá kan tún wà lórí odò Esk tó máa ń ṣí kí ọkọ̀ lè kọjá, tó bá ṣí mọ́ yín lójú, ẹ dúró wò ó.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí dáadáa ni ìdí ẹja. Lẹ́bàá àtẹ̀gùn yẹn, ní Henrietta Street, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Fortune's, láti 1872 ni wọ́n ti ń yan ẹja níbẹ̀. Ṣáwá tiwa yìí náà ni, wọ́n á là á láti ẹ̀yìn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, wọ́n á fi kọ́ sínú èéfín igi oak. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹja yíyan láti kékeré, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe iná wọn, ẹ sọ tiyín náà fún wọn, gáìdì tó bá mọṣẹ́ á fẹ́ gbọ́.

Bàtà tó tẹ́jú tó sì dì mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀ ní Church Street, tí òjò bá rọ̀ sí i ó ń yọ̀. Ẹ mú káádígàànì dání kódà tó bá jẹ́ August, atẹ́gùn òkun àríwá yẹn ò mọ̀ pé oòrùn ń ràn. Ẹyẹ òkun wọn máa ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn, ẹ má fi ẹja díndín yín ṣe yàngà níta. Tẹ́ ẹ bá sì rí àwọn èèyàn tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ tí wọ́n lé tìróò rẹpẹtẹ sójú, ẹ má sá o, ìtàn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ mọ́ ìlú yẹn, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló máa ń wá múra bẹ́ẹ̀, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

ÌBÉÈRÈ: Sà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tuà gáìdì ni mò ń ṣe níbí, ní Àgbádárìgì. Tí mo bá mú àlejò jáde, tó bá di wákàtí kan wọ́n á ti máa wo fóònù, àwọn míì á ní ká padà sídìí mọ́tò. Báwo làwọn Òyìnbó ṣe ń ṣe é tí èèyàn fi ń sanwó torí àtifẹsẹ̀ rìn? (Ọmọ Boekoh)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè. Ní ìlú wọn, kò sófin pé èèyàn gbọ́dọ̀ níwèé kó tó mú àlejò rìn, àmọ́ àwọn tó bá fẹ́ kí wọ́n kà wọ́n sí máa ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ṣèdánwò, wọ́n á gba báàjì aláwọ̀ búlúù, àwọn yẹn ló ga jù nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tó yẹ kó o wò lára wọn ni pé ìrìn wọn kì í sábà ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Wọn kì í kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ dà lé èèyàn lórí. Ibi kan, ìtàn kan, kẹ́ ẹ tún ṣí. Wọ́n á wá ibi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé ohùn wọn lọ, wọ́n á kọjú sáwọn èèyàn, wọn ò ní kọjú sí ògiri kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Tìẹ ńkọ́? Gáìdì pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ sára ògiri mùsíọ́ọ̀mù náà ni wọ́n ń tún kà fún àlejò, ọdún lórí ọdún, orúkọ lórí orúkọ, ó sì ń dùn mí torí ìtàn tó wà lọ́wọ́ wa wúwo ju ti ọ̀pọ̀ ìlú etíkun wọn lọ.

Tètè gbéra láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Vlekete, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú, kó o tó mú àwọn àlejò dé Baracoon Sẹ̀ríkì Abass, ilé tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́, jẹ́ kí wọ́n wọ inú yàrá yẹn kí wọ́n rí bó ṣe kéré tó, má tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun, kí kálukú wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì rin iyanrìn yẹn dé etí òkun. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, dákẹ́. Fi wọ́n sílẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1845 àti ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti wàásù Kristẹni ní 1842, fi wọ́n sí ìrìn ọjọ́ míì fún ẹni tó bá tún fẹ́ padà wá, má pò ó pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Owó náà, dá iye ẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, sọ bóyá owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí. Kò sí ohun tó ń lé àlejò bíi kí wọ́n tún máa bu owó lé e lójú ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn ọkọ̀ Whitby yẹn náà wà lára àwọn tó wá kó àwọn baba wa lẹ́rú? (Tíṣà kan ní Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: London, Bristol àti Liverpool ni ìlú tí wọ́n ti ń rán ọkọ̀ ẹrú jáde jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èédú, ẹja àbùùbùtán àti ọkọ̀ kíkàn ni wọ́n mọ Whitby mọ́. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ gáìdì yín, ó tọ́ kí ará Àgbádárìgì béèrè, torí ṣúgà àti tábà tí ẹrú gbìn, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ nínú ẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá sì ń lọ sápá ibẹ̀, ẹ yà sí Hull, ìpínlẹ̀ Yorkshire kan náà ni. Wọ́n bí William Wilberforce sílé kan níbẹ̀ ní 1759, òun ló jà fún òfin 1807 tó ní kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì má ṣòwò ẹrú mọ́, wọ́n ti sọ ilé náà di mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ rántí pé ọjà Vlekete ò tíì kógbá sílé ní 1807. Lẹ́yìn òfin yẹn gan-an ni wọ́n mú Ajàyí Crowther lẹ́rú, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, ó sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa yìí ní 1845 gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Tí ẹni tó mú yín rìn ní Hull bá sọ ti Wilberforce tán tí kò dárúkọ Crowther, ẹ sọ ọ́ fún un. Wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀.