Bọ́nà tó ń kú nígbà tí bulówà bá dẹwọ́ eré

Ẹ kú iṣẹ́, arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti so VFD, ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò, mọ́ bulówà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bọ́nà, ẹ̀rọ tó ń dáná gáàsì sínú bọ́ílà yín, iná a máa jó dáadáa bí bulówà bá ń sá eré rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n gbàrà tí eré náà bá já sí nǹkan bí ìdajì ni bọ́nà yóò kú. Ẹ tún ní oníṣẹ́ iná yín fẹ́ fi wáyà so ojú súwíìṣì afẹ́fẹ́ pọ̀ kí wàhálà lè tán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Súwíìṣì yẹn ló ń jẹ́rìí fún bọ́nà pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bí ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́, ọjọ́ tí bulówà bá dákẹ́, gáàsì lè kún inú bọ́ílà, kí ó sì bú gbàù.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láàárín Ṣágámù àti Ògìjo ni mo ti ń tọ́jú bọ́nà, irú èyí sì ti kọjá lọ́wọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú púpọ̀ wọn, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí eré bulówà bá ṣe dín kù náà ni iye afẹ́fẹ́ ń dín kù, ṣùgbọ́n prẹ́ṣọ̀ rẹ̀, agbára tó fi ń tì, ń já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hz ni VFD fi ń ka eré. Bí 50 Hz bá jẹ́ eré tán, ní 40 Hz ẹ ó rí 80 nínú 100 afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n 64 nínú 100 prẹ́ṣọ̀ ni yóò kù. Ní 25 Hz, ìdajì afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé, prẹ́ṣọ̀ sì ti di 25 nínú 100 péré. Súwíìṣì tí wọ́n tò nígbà tí bulówà kò ní ju eré kan ṣoṣo lọ yóò gbà pé afẹ́fẹ́ ti tán, yóò sì pa gáàsì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àṣìṣe tí àpótí ìdarí bọ́nà kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ẹ fi manometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀, wọ̀n ọ́n ní eré tó kéré jù, kí ẹ sì to súwíìṣì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá wá rẹlẹ̀ débi pé súwíìṣì kò lè dá afẹ́fẹ́ tó wà mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò sí, eré ìsàlẹ̀ náà ni kí ẹ gbé sókè. Fífẹ́ inú bọ́ílà mọ́ kí a tó dáná gbọ́dọ̀ wà ní eré tán, súwíìṣì mìíràn tí a tò sókè sì ni kó jẹ́rìí sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé iná gan-an ló kọ́kọ́ kú, ìyẹn yàtọ̀. Bí àkókò tí VFD fi ń dẹwọ́ eré bá kúrú jù, abẹ̀bẹ̀ bulówà tó wúwo yóò máa ti mọ́tò, fóltéèjì yóò ga nínú VFD, VFD yóò sì dákẹ́. Àwọn èèyàn a wá fa àkókò náà gùn láìro ti gáàsì, gáàsì yóò ti dín kù nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń rọ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yóò sì fẹ́ iná pa. Àwọn méjèèjì ní láti jọ máa rìn: bí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ni kó ṣíwájú, bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, gáàsì ni.

Ẹ wo ibi tí bulówà ń yí sí pẹ̀lú. Bí ó bá ń yí sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ yóò ṣì máa jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tó, èyí ló sì máa ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ. Pípààrọ̀ wáyà tó ń wọ VFD kò ní yí i padà. Méjì nínú wáyà mẹ́ta tó ti VFD lọ sí mọ́tò ni kí ẹ pààrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná mànàmáná, tí ẹ sì ti dúró fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí ara VFD.

Nígbà tí bọ́nà kò bá kú mọ́, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń yẹ èéfín wò ó ní eré bíi mẹ́rin. Fún gáàsì, ọ́síjìn 3 sí 5 nínú 100 èéfín dára ní eré òkè. Ó lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ní eré ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe to afẹ́fẹ́ kéré jù ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti ọ̀sán lọ, bí oòrùn bá sì mú, afẹ́fẹ́ náà kò ní tó gáàsì mọ́. Ẹ kọ àṣìṣe tí ẹ rí àti prẹ́ṣọ̀ ní 25 Hz àti 50 Hz ránṣẹ́ sí mi, màá wò ó pẹ̀lú yín.