Software ẹgbẹ́ wa: ṣé kó ṣe ti oníkálukú lọ́tọ̀ ni?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kàbà. A fẹ́ kúrò lórí ìwé ńlá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe software ní kí a kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ohun tí akápò ń fẹ́ kọ́ ni àwọn tó ń gbowó ń fẹ́. Ṣé kó ṣe ti oníkálukú lọ́tọ̀ ni?

Ìdáhùn: Òkun o. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí ni òṣìṣẹ́ máa ń kọ. Bó ṣe ń rí gan-an kì í sí níbẹ̀. Ẹ ní kó wá jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ ń gbowó, kó panu mọ́, kó sì wo bébà tí agbowó fi há abẹ́ ìwé ńlá. Ibẹ̀ ni ẹni Bùnú tó fowó rán dírẹ́bà wà, àti ẹni tó san ìdajì tó ní ìyókù ń bọ̀. Bébà yẹn gan-an ni software tí ẹ ń wá.

Ti oníkálukú lọ́tọ̀? Rárá o, owó àtúnṣe á gbé yín mì. Ẹyọ kan ni kó ṣe, kó wá fi ohun tó máa ń yí padà sí ìkáwọ́ yín: iye èlé orí owó yíyá, orúkọ owó àkànṣe tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ohun tí akápò máa kọ́kọ́ rí tó bá ṣí i. Bí èlé bá yí padà tí ẹ ṣì ní láti pè é láti Lọ́kọjá, kò tíì ṣe iṣẹ́ tán. Àmọ́ owó tí ẹ ti kọ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má lè pa á rẹ́, títí kan alága. Ìlà tuntun ni kí wọ́n fi tún àṣìṣe ṣe, kí ti àtẹ̀yìnwá ṣì hàn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ní ìlà àti òpó, dán an wò fún oṣù díẹ̀ ná. Láti ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Bricklin àti Frankston, ti gbé VisiCalc, ètò tó jọ Excel, jáde ní 1979 ni irú irinṣẹ́ yìí ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ kóòdù ṣe ìṣirò tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Kìkì pé kí ẹ sọ òpó nọ́ńbà fóònù di Text (ọ̀rọ̀ lásán, tí Excel kò ní kà sí iye) kí ẹ tó kọ nǹkan síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo iwájú 0803 á pòórá.

Ẹnì kan á sì wà láàrin yín tí gbogbo yín ń ké sí bí bébà bá há sínú printer. Ẹni yẹn ni kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ètò náà padà, kí ó sì wà nínú àdéhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀.