Pápá ìjẹko tó ti pá lórí òkè Mambilla

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè irúgbìn koríko tó yẹ kóun rà fún pápá òun lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń yọ lábẹ́ koríko líle tí màlúù kì í fẹ́ jẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Apá Gembu lèmi náà ti sin màlúù. Mo rí bí òjò kan ṣe gbá irúgbìn olówó ńlá lọ sódò.

Ibi tí ẹsẹ̀ màlúù ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, omi kì í rí ọ̀nà wọlé. Òkè yẹn ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, òjò rẹ̀ sì pọ̀; omi náà ló ń wọ́ ilẹ̀ dúdú lọ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Láti mọ ìlà tó dọ́gba lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ so igi gígùn méjì pọ̀ lórí, kí ẹsẹ̀ wọn yà, kí ẹ fi ọ̀pá kan dá wọn lábùú, kí ẹ wá so okùn tó ní òkúta nídìí mọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí okùn bá bọ́ sí àárín gbùngbùn ọ̀pá, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba nìyẹn. Ẹ kan èèkàn sí ìdí ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ yí igi náà síwájú, títí ẹ ó fi la gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà já. Orí ìlà yẹn ni kí ẹ to òkúta sí, tàbí kí ẹ gbin vetiver, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa kó màlúù sùn sórí ibi tó pá jù, kí ẹ sì máa sún ọgbà wọn kiri. Pátákò á fọ́ èèpẹ̀, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á bọ́ ọ. Àwọn Fúlàní ibẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí ju ìwé lọ.

Ní ti ajílẹ̀ NPK, ẹ yẹ ilẹ̀ wò ná. Bí pH (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) bá ti lọ sílẹ̀ ju 5.5 lọ, aluminium inú ilẹ̀ á máa ba gbòǹgbò jẹ́, ilẹ̀ á sì di fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, tó jẹ́ oúnjẹ koríko, mú, kò ní jẹ́ kí koríko rí i lò. Láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ láti ara òkúta, ló ń tú u sílẹ̀. Òkúta rẹ̀ wà ní Gboko, ní Benue. Iná sísun nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Èyí tó nira jù ni màlúù ẹlòmíì. Ẹ lọ bá ardo (olórí àwọn Fúlàní) àdúgbò kí ẹ tó fa wáyà, torí ọgbà tí wọn ò bá fọwọ́ sí, òru ni wọ́n máa gé e. Bí ilẹ̀ bá ti sinmi fún odindi ìgbà òjò kan, ẹ wo ohun tó hù fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ṣì ṣófo nìkan ni kí ẹ fọ́n irúgbìn desmodium, ewéko tí màlúù ń jẹ, sí.