Ooru tí a kò lè fi ọwọ́ kàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo gbọ́ pé wọ́n gbá kókó átọ́ọ̀mù wúrà lu ara wọn ní Brookhaven, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ooru ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, nígbà tí mo ń kọ́ni ní físíìsì, ìbéèrè báyìí ni mo máa ń dúró dè. Photon, ẹyọ ìmọ́lẹ̀, ló ń jíṣẹ́: ó ń jáde láti àárín ooru náà láìsí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n pion, ohun tíntìntín kan tí ìgbálura náà ń bí, irú èyí tí kò ní iná mànàmáná nínú, ń yára pín sí photon méjì, irú photon báyìí ló sì pọ̀ jù. Wọ́n á so photon pọ̀ ní méjì-méjì. Ibi tí ìwọ̀n wọn bá ti kóra jọ sí nǹkan bí 135 MeV (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohun tíntìntín), pion ni. Wọ́n á wá ṣírò tirẹ̀ kúrò. Sùúrù ńlá ni! Láti ara photon tí kì í ṣe ti pion ni PHENIX, ẹgbẹ́ olùwádìí kan níbẹ̀, ti rí i ní 2010: nǹkan bíi tírílíọ̀nù 4 lórí ìwọ̀n Celsius, ìlọ́po 250,000 ooru àárín oòrùn.