Ẹ Bi Wá: Ìgbáròkó Ẹni Tó Ń Fi Agbára Jẹun

Lẹ́tà oṣù yìí wá láti ọjà, láti oko, àti láti ilé ìtọ́jú arúgbó nílùú ọba. Ìgbáròkó ni gbogbo wọn ń ké lé lórí. A ti gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alábàárù ni mí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ru àpò ìrẹsì, kì í sì í dín ní 60 àpò lóòjọ́. Láti ọdún tó kọjá ni ìgbáròkó ọ̀tún ti ń dùn mí, pàápàá tí mo bá fẹ́ wọ bàtà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé iṣẹ́ yìí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín gan-an, torí pé "ìgbáròkó" lẹ́nu wa gba ibi púpọ̀. Tí ìrora náà bá wà níwájú, ní kọ̀rọ̀ ibi tí itan ti so mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú itan, nígbà mìíràn títí dé orúnkún, oríkèé ìgbáròkó gan-an ni. Ẹni tí oríkèé yìí ń dùn sábà máa ń ya àtàǹpàkò sẹ́yìn, á na ìka yòókù síwájú, á wá fi ọwọ́ náà gbá ẹ̀gbẹ́ ìdí mú bí ẹni di ife. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, lórí eegun tó yọ síta, tí ẹ kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lóru, iṣan tó so mọ́ eegun ibẹ̀ ló ń bínú. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ìdí, tó ń ta bí iná gba ẹ̀yìn itan kọjá orúnkún lọ sí ẹsẹ̀, eegun ẹ̀yìn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Jẹ̀díjẹ̀dí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàtà tí ẹ mẹ́nu bà ló jẹ́ ká fura sí oríkèé. Nígbà tí oríkèé yìí bá ń bàjẹ́, yíyí sínú ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ kan sókè kí itan nàró ṣánṣán, kí ojúgun sì tẹ́ bíi tábìlì. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ kan di orúnkún yín mú, kó fi ìkejì rọra ti ọrùn ẹsẹ̀ síta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Tí ọ̀tún bá há kí ó tó lọ síbi tí òsì dé, tàbí tó bá ta yín ní kọ̀rọ̀ itan, ẹ lọ ya X-ray.

Ní ti pé bóyá iṣẹ́ ló fà á: orí eegun itan rí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré, ó sì wọ kòtò kan lára eegun ìdí. Eegun rírọ̀ tó ń dán bo méjèèjì, omi tó ń yọ̀ wà láàárín. Eegun rírọ̀ yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Inú omi yẹn ló ti ń jẹun, bíi kànìnkànìn tí a ń tẹ̀ tí a sì ń tú sílẹ̀. Ìdí rèé tí ìrìn fi ń bọ́ ọ, tí ẹrù wúwo tí kò ní ìsinmi sì ń febi pa á.

Tí ẹ bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń kù nílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ara á fẹ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí á sì fà á padà. Ìfà yẹn náà ń tẹ oríkèé. Ní ìrìn lásán, àpapọ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ìwọ̀n ara. Ẹni tó wọn 70 kílò ń fi ìgbáròkó kan gbé nǹkan bí 175 kílò kó tó ru ohunkóhun. Tó bá gbé àpò 50 kílò lérí, ó ń lọ sí 300. Fífẹsẹ̀kọ ló wá burú jù: nígbà tí àwọn oníṣègùn ní Berlin fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú oríkèé àtọwọ́dá àwọn aláìsàn wọn, ohun tí wọ́n rí nígbà tí ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ lé ní ìlọ́po méje ìwọ̀n ara.

Jámánì ni ká ti lọ yá òṣùwọ̀n. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni òfin wọn ti ka ìgbáròkó tó jẹ nítorí ẹrù rírù mọ́ àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Wọ́n ní ẹrù náà gbọ́dọ̀ tó 20 kílò, kí ẹni náà máa gbé e tó ìgbà 10 lóòjọ́, kí àpapọ̀ gbogbo ohun tó ti gbé látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ sì tó 9,500 tọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Àpò 60, ní 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ tọ́ọ̀nù 3 lóòjọ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan lẹ ń sinmi, ọjọ́ iṣẹ́ 312 ló wà lọ́dún, ìyẹn 936 tọ́ọ̀nù. Ní ọdún 11, ó di 10,296. Ẹ ti kọjá ààlà wọn. X-ray ṣì ní láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn náà kì í gbà láìrí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín pé àlá lẹ ń lá.

Àpapọ̀ yẹn lẹ máa bá jà. Ẹrù tí ọmọlàńkẹ́ bá gbé kò wọ inú ìṣirò yìí, nítorí náà ẹ fi rírù sílẹ̀ fún ibi tí kẹ̀kẹ́ kò lè dé nìkan. Ẹ bẹ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kó to àpò lé pẹpẹ tó ga dé ìdí ènìyàn. Gbígbé láti ilẹ̀ pẹ̀lú ìyípo ìbàdí ló ń fún oríkèé pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí, kì í ṣe ìbàdí. Sílípáàsì kì í ṣe bàtà alábàárù: ẹ wọ èyí tó di gìgísẹ̀ mú, kí ẹ sì kó pòpòrò àgbàdo àti ọ̀rá kúrò lójú ọ̀nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ rìn káàkiri lọ́wọ́ òfo. Ẹ má kàn jókòó gẹlẹtẹ.

Ògì ni mò ń tà n'Ífẹ̀, mo sì ń pọn omi tó pọ̀ lójoojúmọ́. Ìgbáròkó òsì ló ń dùn mí. Ọwọ́ wo ni kí n fi gbé kẹ́ẹ̀gì?

Ọwọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn gan-an. A mọ̀ pé ó jọ òdì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń ṣe ìdàkejì rẹ̀ kí wọ́n lè "tọ́jú" ibi tó ń dùn. Ẹ rántí iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí tó ń fa ara padà. Tí ẹsẹ̀ òsì bá wà nílẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, omi náà jìnnà sí ìgbáròkó òsì bí ìgbà tí ènìyàn fi orí ọ̀pá gígùn kọ́ ẹrù: ọwọ́ tó di ìdí ọ̀pá mú ló ń jìyà. Tó bá wà lọ́wọ́ òsì, ó súnmọ́ ibẹ̀, ó tún ń bá iṣan yẹn ṣe lára iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí tó sàn jù ni kí ẹ pín in. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 jẹ́ 25 kílò omi. Ẹ ra méjì tó jẹ́ lítà 10, ọ̀kan lọ́wọ́ kan. Òṣùká àti orí kì í jẹ́ kí ara wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ gbogbo ìwọ̀n ẹrù ṣì ń gba orí ìgbáròkó méjèèjì kọjá.

Mo ti ń kọ ebè láti ọmọ ọdún 15, mo ti pé 58 báyìí, Ìsẹ́yìn ni mo wà. Mi ò lè lóṣòó mọ́, ìdọ̀bálẹ̀ gan-an ti di ogun. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò máa ń po àwọn kóró kan pọ̀ fún mi, tí mo bá lò ó, bí ọ̀dọ́ ni mo ṣe ń rìn. Ṣé kí n máa lò ó lọ?

Rárá, bàbá: ẹ bi orúkọ kóró kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó dá a dúró. Kóró tó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́ lọ́jọ́ kan sábà máa ń ní dexamethasone tàbí prednisolone nínú, pẹ̀lú diclofenac tàbí piroxicam. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, téèyàn bá ń lò wọ́n fún oṣù mélòó kan, lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró lórí eegun itan títí tí eegun náà á fi kú. Oríkèé tí ẹ ń wò ni ẹ ń pa. Ẹ má sì dá wọn dúró lójijì tó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò wọ́n. Dókítà ni yóò máa dín wọn kù díẹ̀díẹ̀, torí ara á ti gbàgbé láti ṣe tirẹ̀. Diclofenac àti piroxicam máa ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Paracetamol ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, kóró méjì 500 miligíráàmù, kó má kọjá mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Kò lágbára púpọ̀ lórí ìgbáròkó, a kò ní tàn yín.

Iṣẹ́ oko wà lára iṣẹ́ tí àwọn oníwádìí ti mọ̀ jù lọ pé ó ń jẹ ìgbáròkó. Láti 2005 ni ìjọba ìlú ọba ti kà á sí àìsàn iṣẹ́ fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oko fún ọdún 10. Ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀, ẹrù gbígbé, ìrìn orí ilẹ̀ gbágungbàgun, àti pé àti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀: gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ni. Ọkọ́ tí ẹ̀rú rẹ̀ kúrú ń pa kún un. California ní Amẹ́ríkà fòfin dè é lóko ní 1975; ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, àmọ́ ibi ìgbáròkó ni ara ti ń ká kó tó dé ẹ̀yìn. Ẹ ki ẹ̀rú tó dé àyà yín bọ ọkọ́ tí ẹ fi ń ro oko. Ebè kíkọ ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́.

Ọ̀pá ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, ọwọ́ òdìkejì la sì fi ń di í mú. Tí ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn á jọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti mọ gígùn rẹ̀, ẹ wọ bàtà, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí apá sorọ̀. Ibi tí ìlà ọrùn ọwọ́ bá dé ni kí ẹ ti gé e. Ẹ gé rọ́bà táyà, ẹ kàn án mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà yọ̀.

Ìdárayá mẹ́ta tó, lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ ka ení dé àrùn-ún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó dára sùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ òkè tó nà gbọọrọ sókè ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn kan; gìgísẹ̀ á lọ sẹ́yìn díẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kọjú síwájú. Ìkẹta ni dídìde lórí àga láìfọwọ́ti. Ìgbà 10 ni kí ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìrora díẹ̀ kò burú tó bá ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá le sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má pa á tì. Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ 12 kí ẹ tó dájọ́.

Tí ìrora bá ń jí yín lóru, tí ẹ kò lè rìn dé ìta, ó ti di ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ oríkèé. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì l'Ékòó àti ní UCH n'Ìbàdàn. Oríkèé àtọwọ́dá sábà máa ń lò tó ọdún 15 sí 20, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ènìyàn kò bá padà sídìí ẹrù.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 22, ń ṣe lébírà lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà l'Óṣogbo. SC ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló ti ń tiro. Ó ní páànù kọnkéré ló fà á.

Ìyá, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Kó fi páànù náà sílẹ̀ lónìí. Ìgbáròkó kì í ṣàdédé gbó lọ́mọ ọdún 22. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS àti SC, ẹ̀jẹ̀ tó ká bíi dòjé máa ń dí àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń bọ́ orí eegun itan. Eegun ibẹ̀ á kú. Páànù á wá tẹ òkú eegun náà wó. Àwọn kan gbà pé SC kò le, ṣùgbọ́n ìgbáròkó ti ẹlẹ́jẹ̀ SC náà máa ń bàjẹ́ báyìí.

Tí X-ray bá sọ pé kò sí nǹkan, ẹ má tíì padà sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń rí i. Bí wọ́n bá rí i kí roboto eegun tó wó, ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì láti gbé ìwọ̀n ara kúrò, tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń lu eegun náà kí ohun tó dí inú rẹ̀ lè rọ̀, ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti wó, ọ̀nà kù díẹ̀. Bí ibà bá sì dara pọ̀ mọ́ ìrora náà, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ rárá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ: ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ inú oríkèé.

Leeds ni mo wà, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ọdún 12 tí mo ti ń gbé wọn sókè gbé wọn sọ̀ ti ba ìgbáròkó mi jẹ́. Ṣé ìjọba máa sanwó fún mi?

Owó àìsàn iṣẹ́ tó wà fún ìgbáròkó, ti àwọn tó ṣiṣẹ́ oko nìkan ni. Iṣẹ́ yín kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó kù fún yín ni ti ìjàǹbá ọjọ́ kan pàtó, bí ìgbà tí arúgbó dì mọ́ yín bó ṣe ń ṣubú tí nǹkan sì já nínú ìdí yín. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sínú ìwé ìjàǹbá ibi iṣẹ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin 1992 lórí gbígbé nǹkan lọ́wọ́ sì sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹra fún ìgbé tó léwu níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Tí ìwé ìtọ́jú aláìsàn bá sọ pé ẹ̀rọ ìgbéniró àti ènìyàn méjì, tí wọ́n sì ní kí ẹ̀yin nìkan gbé e, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín lórí ímeèlì.