Ta ni kí a yàn sí ìgbìmọ̀ ààbò níbi iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Alábòójútó ni mí ní ilé búrẹ́dì kan ní Abẹ́òkúta, òṣìṣẹ́ 38 sì ni wá. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ ìyẹ̀fun pípò fa ìka ọmọkùnrin kan wọlé. Ìyá tó ni ilé iṣẹ́ náà wá ní kí n dá ìgbìmọ̀ ààbò àti ìlera sílẹ̀. Ta ni kí n yàn, kí sì ni iṣẹ́ wọn?

ÌDÁHÙN: A bá ọmọkùnrin náà kẹ́dùn gidigidi. Ẹ má ṣe dá yàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, àwọn tó wà nídìí ààrò, àwọn tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá àti àwọn awakọ̀ fi ẹnu ara wọn mú ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, kí ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, nítorí pé ìgbà náà ni oorun máa ń kun ènìyàn nídìí ẹ̀rọ. Ìyá náà tàbí ẹni tó lè fọwọ́ sí owó gbọ́dọ̀ máa bá wọn jókòó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni wọn yóò máa sọ.

Kí ìpàdé oṣooṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jọ rìn yí ilé iṣẹ́ ká. Ẹ dúró nídìí ẹ̀rọ náà, kí ẹ wò ó bóyá irin tí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àbí ẹnìkan ti tú u kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ ní kí ẹni tó ń lò ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí a fi ń pa á láìgbé ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 ti pàṣẹ pé kí a bo gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹni tí yóò tún un ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí sínú ìwé kan, kí ẹ sì fi ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìgbìmọ̀ yìí di ilé ẹjọ́: ẹni tó bá mọ̀ pé wọn yóò gé owó oṣù òun kò ní sọ pé ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rọ mú òun lọ́wọ́ lánàá, bẹ́ẹ̀ ìròyìn “ó kù díẹ̀” yìí ló ṣe iyebíye jù lọ.

Ní ti ọmọkùnrin náà, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún un ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì fún ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó náà, létí. Bí ẹ kò bá tíì kọ̀wé, ẹ má dúró de ìpàdé àkọ́kọ́.